Bí Bàbá Rẹ Ṣe Jẹ́wọ́ Àìsàn Nítorí Adójútòfò Ìrìnàjò

Barakallahu,
Kàdúná.

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí pẹ̀lú "a wà ní àlàáfíà, a sì lérò pé ìwọ náà wà bẹ́ẹ̀." Gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ rò fún ọ, inú gbólóhùn yẹn ló ti jáde. Kí n kàn sọ pé a jí, a kírun, bàbá rẹ ti mu kókó, ó ti jẹ àkàrà kósè, ó sì ti ní kósè náà kò gbóná tó. Òun ló jókòó síta yẹn tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Orí fóònù ni o ti máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo bá ọ sọ Yorùbá, o fi Hausa dá mi lóhùn. Bí mo bá sì fẹ́ bá ọ wí, o bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà kò ṣeé já lù. Máa kà á lọ, bí o bá dé ibi tó ká ọ lára, sinmi díẹ̀, kí o tún máa bá a lọ.

O kú oríire, Àníkẹ́. Láàárín ọdún kan péré, ìgbéyàwó, Kánádà, iṣẹ́ tuntun, oyún sì tún dé. Inú mi dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nílé ìdáná. Nígbà tí Táyíbù ọkọ rẹ pè, tó ní kí àwa méjèèjì wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín kí a lè bá yín gbé ọmọ, bàbá rẹ ní òun máa rò ó, àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti gbé àpò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tó pa òwe yẹn kò rò ó pé ọjà ọ̀hún lè wà ní Kánádà, níbi tó jẹ́ pé bí àgbà náà bá yọ̀ ṣubú, owó ilé ìwòsàn lè sọ ọkọ ọmọ rẹ̀ di onígbèsè.

Ìdí nìyẹn tí o fi ní kí a wá adójútòfò ìrìnàjò rà, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní inṣọ́ránsì. Ìmọ̀ràn rẹ dára. Àmọ́ o tún fi òmíràn lé e. O ní, "Màmá, don Allah, kada ku gaya musu Baba yana da hawan jini." Pé kí a má sọ fún wọn pé bàbá rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí owó rẹ̀ má baà gun òkè. Èyí ni mo jókòó fèsì sí. Ìwọ náà yóò ra adójútòfò lọ́jọ́ iwájú, fún ara rẹ àti fún àwọn òbí Táyíbù, nítorí náà fetí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní: béèrè ọjọ́ orí kí o tó béèrè owó.

Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ lọ sí Mẹ́kà, àwọn tó kó wa lọ ló ṣe ohun gbogbo. Ìwé ìrìnnà, abẹ́rẹ́, ibùsùn, títí kan àpò kékeré tí a gbé kọ́ ọrùn. A wá rò pé bí gbogbo ìrìnàjò ṣe rí nìyẹn. A gba ìgboro lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ọmọkùnrin kan níbẹ̀ sì fi adójútòfò kan hàn wá tí owó rẹ̀ kéré débi pé bàbá rẹ ti ń tọwọ́ bọ àpò. Mo ní kó dúró. Mo wọ gíláàsì mi.

Àǹfààní inú rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Bí àpò wa bá sọnù, wọ́n á san án. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, wọ́n á fún wa lóúnjẹ. Bí a bá sì fẹsẹ̀ ṣẹ́ níbi tí a ti ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n á gbé wa sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Bàbá rẹ ní, "Ta ló fẹ́ fi pátákó yọ̀?" Ọmọ náà ní, "Baba, ó wà nínú ẹ̀ ni, jàárá ni." Bàbá rẹ yíjú, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó bóyá ó lè ṣeé ṣe.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní, ni mo ti rí i pé wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbá rẹ ti pé mẹ́tàléláàádọ́rin, èmi ṣì kù díẹ̀ kí n pé àádọ́rin. Ó já sí pé èmi nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún láti lọ yọ̀ lórí yìnyín. Inú bí bàbá rẹ. Ó ní, "Ṣé mílíìkì ni mí, tí ọjọ́ mi ti kọjá?" Ó bínú títí a fi dé Kawo, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ kejì: ka oṣù tí o máa lò, má ka èyí tí wọ́n kọ sórí rẹ̀.

Ní ibòmíràn, a bá èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún kan gbáko. Bàbá rẹ ní, "Alhaja, oṣù mẹ́fà là ń lọ, ọdún kan ni wọ́n ń tà. Èrè dé." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Àmọ́ mo ti ṣe olùkọ́ pẹ́, mi ò sì lè rí gbólóhùn kí n má bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Mo bi obìnrin ibẹ̀, ó wá ṣàlàyé pé o lè rìnrìn àjò iye ìgbà tó bá wù ọ́ láàárín ọdún náà, ṣùgbọ́n ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Fún àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. Bí a bá ra ìyẹn, láti oṣù kejì lọ, àwa arúgbó méjì á kàn máa jókòó nílé yín láìsí adójútòfò kankan lórí wa, a ò sì ní mọ̀.

Ti ìrìnàjò ẹyọ kan tó gùn ni kí ẹ máa rà fún àgbàlagbà. Ọjọ́ tó bá wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń díye lé e, ìdí nìyẹn tí mo fi gé oṣù mẹ́fà yín sí mẹ́rin. Má bínú. Bí ẹ bá ń pe òbí, iye oṣù tí ẹ nílò wọn ni kí ẹ kà, kì í ṣe iye oṣù tí ẹ fẹ́ràn wọn. A óò dé kí o tó bímọ, a óò wẹ ọmọ fún ọ títí ọrùn rẹ̀ yóò fi gbó, lẹ́yìn náà a óò fi ilé sílẹ̀ fún ìwọ àti ọkọ rẹ.

Ọ̀rọ̀ kẹta, tó jẹ́ òun gan-an lọ́rọ̀.

Wọ́n júwe alágbàtà kan fún wa, ẹni tó ń bá oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣiṣẹ́, tó lè fi tiwọn wé ara wọn fún ọ. Àgbà ni kó máa lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ àwọn tó ń gba àgbà àti àwọn tí kì í gbà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hawáù ló gbà wá. Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ. Ojú ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ ti fẹ́ràn rẹ̀.

"Ina kwana, Baba?"

"Lafiya lau."

"Ya gida?"

"Lafiya."

"Ya iyali?"

"Lafiya lau, Alhamdulillahi."

"Ba gajiya?"

"Ba gajiya."

Ọmọ náà dìde, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò sì yí ohùn padà rárá. "Ba hawan jini?"

"Babu!"

"Ba ciwon suga?"

"Babu, babu."

"Ba a taɓa kwantar da kai a asibiti ba?"

"Allah ya kiyaye!"

Àníkẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń béèrè, àti ìtọ̀ ṣúgà, àti bóyá wọ́n ti dá a dúró sí ilé ìwòsàn rí. Bàbá rẹ ń dáhùn pé "kò sí, kò sí", bí ẹni tí wọ́n ṣì ń bi léèrè bí ilé ṣe wà àti bóyá ó rẹ̀ ẹ́; ìkíni ló ń jẹ́. Láti ìgbà tó ti wá sí Kàdúná ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní Hausa lówùúrọ̀, "lafiya", àlàáfíà, ni yóò gbà. Ọmọ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ.

Èmi náà wà níbẹ̀. O mọ̀ pé obìnrin kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ níṣojú ọmọ kékeré. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ké mọ́ mi ní Yorùbá, "Alhaja, ẹsẹ̀ mi lo ń tẹ̀ yẹn o." Hawáù ní kí n pẹ̀lẹ́, ó ní ikọ́ mi kò dára, ó sì fún mi lómi. Iye tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà wá kéré gan-an, bàbá rẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti bi í, bí a ṣe ń padà sílé. Mo ní, "Alhaji, oògùn wo ló wà nínú agolo mílíìkì yín?"

"Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru."

"Ó ń ru nìyẹn."

"Kò ru. Mo ń lo oògùn, kò wá ru. Ohun tí kò ru, ṣé mo lè ní mo ní i?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà sọ pé ẹ ní i."

Ó ní, "Dókítà ló ni ín. Èmi kàn ń bá a gbé e ni."

Mi ò fi àṣà wa ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. A kì í fi ẹnu wa pe àìsàn mọ́ra, ẹni tó bá sì kí ni, ayọ̀ ló ń fẹ́, kò yẹ kí a da ẹrù lé e lórí. Àmọ́ adójútòfò kì í ṣe ìkíni. Ẹrù gan-an ló fẹ́ rù. Bí o bá gbé irin fún alábàárù, tí o ní òwú ni, ìdajì ọ̀nà ni yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀ fún ọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ la máa ń kó síta fún àlejò. Àkísà ni àwọn oníṣòwò adójútòfò yìí fẹ́ kà, bí wọ́n bá sì bá èyí tí a kò fi hàn wọ́n nígbà tí ọ̀ràn bá dé, wọn kò ní san kọ́bọ̀.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin tiwa níbí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó ti sọ fún àwọn adójútòfò pé ara òun le koko. Àìsàn tó ti ń bá a fínra látọjọ́ yìí wá dìde sí i lọ́hùn-ún. Wọ́n kọ̀wé sí ilé ìwòsàn rẹ̀ níbí, wọ́n rí káàdì rẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti san. Ọmọ rẹ̀ ló ta ọkọ̀ rẹ̀, tó tún yá owó lé e. Ara obìnrin náà ti yá, àmọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í pè é lórí fóònù mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, Àníkẹ́. Kì í ṣe ikú, ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà. Ẹ̀rù ń bà mí kí àwa tó wá gbé ọmọ má lọ di ohun tí ìwọ àti ọkọ rẹ yóò máa jà lé lórí nígbà tí a bá ti padà sílé. Ilé yín ṣì tuntun. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ àwa la máa kọ́kọ́ da iyanrìn sí i.

Nígbà tí a délé, mi ò bá bàbá rẹ jiyàn. Mo kàn gbé oúnjẹ fún un, mo ní, "Alhaji, kò burú. Bí nǹkan bá ṣe yín ní Kánádà, Táyíbù ló máa sanwó ilé ìwòsàn yín." Ó dáwọ́ dúró nínú abọ́. O mọ̀ pé bàbá rẹ kò tíì jẹ́ kí Táyíbù ra mínírà ẹyọ kan fún òun rí. Ó fọwọ́, ó wọlé lọ, mo sì ń gbọ́ tí agolo mílíìkì ń dún.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ agbádá bí ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ. Ó gbé agolo rẹ̀ dání. Hawáù tún kúnlẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ "Ina kwana", "Lafiya lau", wọ́n ṣe é tán láìfo ẹyọ kan. Ìgbà náà ni bàbá rẹ gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "To, gaisuwa ta ƙare. Yanzu ki rubuta." Pé ìkíni ti parí, kó wá máa kọ.

Ó sọ ọ́. Ó ní òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní òun ní ìtọ̀ ṣúgà díẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí aládùúgbò. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run yóò bù kún un. Ó bi í pé láti ìgbà wo, bàbá rẹ sì ní láti ọdún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ aṣọ tí òun ti ń ṣe fóòmánì pa. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé oúnjẹ fún ọkùnrin yìí, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí, mo sì wo ilẹ̀.

Àmọ́ ṣé o mọ bàbá rẹ, kò mọ ìwọ̀n. Bó ṣe ṣí i báyìí, kò lè tì í mọ́. Ó sọ ti orúnkún. Ó sọ ti etí òsì. Ó sọ pé kósè òde òní ń fún òun ní ọkàn títa. Hawáù ní, "Baba, kósè kò sí nínú rẹ̀ o," ó ní ká lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà lórí méjì àkọ́kọ́. Ó wá yíjú sí mi. "Mama fa?"

Èmi tí mo ti ń ṣe olùkọ́ gbogbo ayé láti ẹ̀yìn wá, kí ọmọ náà tó béèrè ohunkóhun, mo ní, "Lafiya lau, Alhamdulillahi."

Bàbá rẹ gbé agolo kalẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé o ṣubú nílé ìwẹ̀."

Mo rò pé ó ti lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà ni. Òòyì ló kọ́ mi, mo dá dìde, mo nu ara mi, n kò sọ fún ẹ̀dá kankan. Ṣé o rántí ẹní onírọ́bà tuntun tí mo sọ fún ọ pé bàbá rẹ ṣàdédé rà sí ilé ìwẹ̀, tí a fi ṣe ẹ̀rín pé ó ti ń ya ọlọ́láńlá? Ó ti rí mi. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀, a wá ń gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀ bí aṣiwèrè méjì. Mo sọ ọ́ fún Hawáù, ó sì ní òun kò ní kọ nǹkan kan fún mi títí dókítà yóò fi rí mi. Dókítà rí mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ló lọ sílẹ̀, ó fún mi lóògùn, ó kọ̀wé. Èmi náà ti ní agolo tèmi báyìí.

Owó náà gun òkè lóòótọ́, mi ò ní tàn ọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àmọ́ kò tó bí o ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Hawáù wádìí káàkiri àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba àgbà. A yọ ti àpò tó sọnù kúrò, a yọ ti yìnyín kúrò bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ ṣì wojú mi. A sì gbà pé bí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn bá dé, àwa fúnra wa la máa kọ́kọ́ san díẹ̀ kí wọ́n tó san ìyókù. Ìyẹn dín owó rẹ̀ kù dáadáa. A ti kó díẹ̀ náà pa mọ́, kò kan Táyíbù. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, òòyì, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé ní dúdú àti funfun.

Àwọn kéékèèké tó kù nìyí. Nọ́ńbà kan wà tí a gbọ́dọ̀ pè kí a tó lọ sí ilé ìwòsàn, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì yín. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọjọ́ ìpadàbọ̀ wa padà, ẹ sọ fún alágbàtà kí ẹ tó yí tíkẹ́ẹ̀tì. Inú páálí tí wọ́n fi tà á ni oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ òfurufú. Mo ṣì ń bá bàbá rẹ jà lórí agolo.

Òun náà ti wá yàtọ̀. Ẹni tó bá kí i lójú títì báyìí, tó ní "Ina kwana," yóò gbọ́ nípa orúnkún. Ìmáàmù wa ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Àmọ́ ó ń sùn dáadáa, mo ṣàkíyèsí rẹ̀, ó ń sùn bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, mi ò ní fi nọ́ńbà sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní, "Àníkẹ́, báwo ni ara?" Kí n tó pa ẹnu dé, o ní, "Lafiya lau, Màmá." Mo béèrè oyún, lafiya. Mo béèrè iṣẹ́, lafiya. Mo béèrè Táyíbù, lafiya, o sì ní o ń lọ, pé nǹkan wà lórí iná. Mo mọ ohùn rẹ láti ìgbà tí o ti ń ké nínú ọ̀já. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ tó wú. Ó lè jẹ́ ohun tí dókítà sọ tí o fẹ́ fi pa mọ́ fún wa títí a óò fi dé. Ó sì lè jẹ́ pé ìlú náà kàn tutù, tí o sì ń dá sunkún. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, mi ò ní bínú, mi ò sì ní pariwo. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni.

Pè mí. Bàbá rẹ ti sọ tirẹ̀, èmi náà ti sọ tèmi. Ó ku ìwọ.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe ń fi hàn lọ,
Alhaja.